Mo Ń Gbé Irin, Síbẹ̀ Mo Kéré Lójú Ara Mi

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà tí ẹ ń dáhùn ìbéèrè wa. Ọmọ ọdún 26 ni mí, iṣẹ́ káfíńtà ni mo ń ṣe ní agbègbè Adéníkẹ́ nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ti lé ní ọdún mẹ́ta tí mo ti ń lọ sí jíìmù, ọjọ́ Àìkú nìkan ni mo sì fi ń sinmi. Àwọn ènìyàn ní mo ti sígbọnlẹ̀, ṣùgbọ́n bí mo bá dúró síwájú dígí, ẹni tíńrín ni mo máa ń rí. Ọ̀rẹ́ mi tí a jọ bẹ̀rẹ̀ ti fi mí sílẹ̀ lọ, apá rẹ̀ tóbi, àyà rẹ̀ sì yọ. Bí mo bá tún wá ṣí fóònù, àwọn tí mo ń rí níbẹ̀ ń mú kí n kórìíra ara mi. Ẹ̀wù méjì ni mo máa ń wọ̀ bọ ara wọn nínú oòrùn kí n má bàa hàn bí ẹni tó rù. Wọ́n ṣe ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n mi lóṣù tó kọjá. Nítorí pé apá aṣọ ẹbí náà kúrú, mo parọ́ pé iṣẹ́ dí mi lọ́wọ́, mi ò sì lọ. Ní báyìí, ẹnì kan ní jíìmù ní òun lè bá mi wá abẹ́rẹ́ tí yóò mú iṣan mi wú láàárín oṣù méjì. Kí ni kí n ṣe? Káfíńtà, Ògbómọ̀ṣọ́.

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, abẹ́rẹ́ yẹn ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí òun nìkan ni kò ṣeé fi falẹ̀ nínú gbogbo ohun tí o kọ. Má ṣe gbà á. Oògùn tí wọ́n ń pè ní steroid ni irú abẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ sábà máa ń jẹ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ sì jọ tẹsitósítẹ́rọ́ọ̀nù, èròjà tí kóró ẹpọ̀n ọkùnrin ń pèsè fúnra rẹ̀. Nígbà tí ọpọlọ bá rí i pé èròjà yìí ti pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, yóò dá àṣẹ tó ń fi ránṣẹ́ sí ẹpọ̀n dúró. Ẹpọ̀n yóò bẹ̀rẹ̀ sí í súnkì, àtọ̀ yóò dínkù, ó sì lè máà sí kóró ọmọ kankan nínú rẹ̀ mọ́ fún ìgbà kan. Bí ènìyàn bá jáwọ́ níbẹ̀, ó lè gba ọ̀pọ̀ oṣù, ó sì lè ju ọdún kan lọ, kí nǹkan tó padà sípò, àwọn kan sì wà tí tiwọn kì í padà sípò tán. Ọyàn lè yọ láyà ọkùnrin, ẹ̀jẹ̀ lè máa ru, iṣan ọkàn sì lè nípọn ju bó ṣe yẹ lọ. Mi ò tíì sọ ti abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi gún ẹlòmíràn tí wọ́n tún fẹ́ fi gún ọ, èyí tí kòkòrò HIV àti àrùn mẹ́dọ̀wú lè bá wọ ara, mi ò sì tíì sọ ti ìgò tí wọ́n ń tà ní kọ̀rọ̀, tí ẹni tó ń tà á gan-an kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Bí ẹni tó fẹ́ bá ọ wá a bá ní kò ṣe òun ní nǹkan kan, bi í bóyá ó ti ṣe àyẹ̀wò àtọ̀ àti ti ọkàn rí.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ ìfara-ẹni-wéra. Mo ka lẹ́tà rẹ ní àkàtúnkà, ohun tí mo sì rí ni pé kì í ṣe ènìyàn kan ni o ń fi ara rẹ wé. Apá àti àyà ọ̀rẹ́ rẹ lo kọ́kọ́ dárúkọ. Lẹ́yìn náà lo lọ sórí fóònù, níbi tí ó dá mi lójú pé o ti mú ikùn lára ẹnì kan, èjìká lára ẹlòmíràn, àti itan lára ẹni kẹta. Ẹni tí gbogbo rẹ̀ pé sí lára kò sí ní Ògbómọ̀ṣọ́, kò sì sí ní Amẹ́ríkà. Ìwọ fúnra rẹ lo to ẹ̀yà ara àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn pọ̀, òun lo sì ń bá díje láràárọ̀ níwájú dígí. Kò sí irin tí o lè gbé tí o fi máa borí ẹni tí kò sí.

Ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Leon Festinger, ti kọ ọ́ ní ọdún 1954 pé nígbà tí ènìyàn kò bá ní ìwọ̀n tó dájú tí yóò fi mọ ibi tí òun dé, ẹlòmíràn ni yóò fi ṣe ìwọ̀n, àti pé ẹni tí kò jìnnà sí i ní ipò ni ó sábà máa ń yàn. Nígbà tí àwọn bàbá wa ń jìjàkadì ní ojú agbo, ẹgbẹ́ wọn nìkan ni wọ́n ní láti wò. Fóònù ti fọ́ ààlà yẹn. Ẹni tó jẹ́ pé ara fífihàn ni iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀, tí kò gé pákó láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́ bíi tìrẹ, ti wá dà bí ará àdúgbò rẹ. Fọ́tò rẹ̀ náà sì ní ọgbọ́n nínú. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé irin tán ni kí ó tó yà á, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì kún inú iṣan rẹ̀ tó mú un wú, wíwú yẹn kì í sì í pẹ́ kí ó tó fà. Ó jẹ́ kí iná tàn láti òkè kí òjìji lè bọ́ sí abẹ́ iṣan, ó mí sínú, ó sì yan ẹyọ kan ṣoṣo nínú èyí tó yà. Àwọn tó ń fi ara hàn fún ìdíje pàápàá máa ń fi ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ dín oúnjẹ kù kí ọjọ́ náà tó pé, ìrísí ọjọ́ yẹn kì í sì í bá wọn dé oṣù tó tẹ̀lé e.

Ti ọ̀rẹ́ rẹ rọrùn láti dáhùn. Bí wọ́n ṣe bí ènìyàn ló ń pinnu bí èjìká rẹ̀ ṣe fẹ̀ tó, bí egungun apá rẹ̀ ṣe gùn tó, àti ibi tí iṣan ti so mọ́ egungun. Apá tó gùn yóò dà bí ẹni pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju apá tó kúrú lọ, bí iṣan inú àwọn méjèèjì tilẹ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Ó sì ṣeé ṣe kí oúnjẹ rẹ má tó iṣẹ́ tí ara rẹ ń ṣe. Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2018, tó kó èsì ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀, fi hàn pé bí purotéènì tí agbírin ń jẹ lójúmọ́ bá ti tó nǹkan bíi gíráàmù 1.6 fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, àfikún kò tún fi bẹ́ẹ̀ mú iṣan pọ̀ sí i. Fún ẹni kílò 70, ìyẹn jẹ́ gíráàmù 112. Nǹkan bíi gíráàmù mẹ́fà ló wà nínú ẹyin kan. Ẹ̀wà, ẹja àti wàrà àwọn Fúlàní yóò dí ìyókù láìjẹ́ pé o ra ìyẹ̀fun olówó ńlá inú ike. Ọjọ́ mẹ́fà tí o ń gbé irin lọ́sẹ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ káfíńtà, ó pọ̀ jù lójú tèmi. Ìgbà ìsinmi ni iṣan ń dàgbà.

Mo fẹ́ kí o wo àwọn tó ń gbé irin fún orílẹ̀-èdè wa. Ní ìdíje Commonwealth ti Birmingham ní ọdún 2022, Adijat Olarinoye gba góòlù ní ìpele kílò 55, àpapọ̀ irin tó gbé sì jẹ́ kílò 203. Rafiatu Lawal gba góòlù ní ìpele kílò 59 pẹ̀lú àpapọ̀ kílò 206. Kò sí adájọ́ tó bi wọ́n bóyá apá wọn tóbi tó, kò sì sí ẹni tó ní kí ẹni kílò 55 lọ bá ẹni kílò 87 díje. Nínú eré ìdárayá yìí gan-an, a ti mọ̀ pé ìdájọ́ kò lè tọ́ bí ara bá yàtọ̀. Ìwọ tí o jẹ́ káfíńtà kò jẹ́ fi tépù tó ń fà bíi rọ́bà wọn pákó. Dígí tí o fi ń wọn ara rẹ kò sàn jù ú lọ, nítorí ohun tó ń sọ máa ń yí padà bí inú rẹ bá ṣe rí lọ́jọ́ náà. Ra ìwé kékeré kan, máa kọ ìwọ̀n irin tí o gbé àti iye ìgbà tí o gbé e sínú rẹ̀. Nọ́ńbà inú ìwé yẹn kò ní yí padà nítorí pé inú rẹ bàjẹ́.

Kò sì yẹ kí a di gbogbo ẹ̀bi ru fóònù. Lọ́dọ̀ wa níbí, ìkíni kì í pé kí wọ́n má kọ́kọ́ wo ara ẹni: “O mà rù o, ṣé kò sí?” “Ara rẹ ti ń dán, ayé ti ń dùn nìyẹn.” Ìfẹ́ ni àǹtí tó sọ bẹ́ẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ ń fi hàn, ó ń rántí ìgbà tí rírù jẹ́ àmì ebi tàbí àìsàn. Ṣùgbọ́n ọmọ tí wọ́n ti ń pè ní eegun lásán láti ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè gbé orúkọ yẹn wọ jíìmù, kí ó máa gbé e pọ̀ mọ́ irin. O kò sọ fún mi bóyá ó ṣẹlẹ̀ sí ọ. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, sọ ọ́ fún ẹni tí yóò tọ́jú rẹ.

Mo ní ẹni tí yóò tọ́jú rẹ, nítorí ẹ̀wù méjì nínú oòrùn àti ìgbéyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ ló kọ mí lóminú jù nínú lẹ́tà náà. Ní ọdún 1993, Harrison Pope àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí jáde lórí àwọn ọkùnrin 108 tó ń gbé irin. Mẹ́sàn-án nínú wọn gbàgbọ́ pé àwọn kéré, àwọn kò sì lágbára, nígbà tó jẹ́ pé ènìyàn ńlá tí iṣan kún ara wọn ni wọ́n. Irú àwọn bẹ́ẹ̀ a máa fi aṣọ tó nípọn bo ara nínú ooru, wọ́n a sì máa yẹra fún ibi tí ojú yóò ti rí wọn. Láti ọdún 2013 ni ìwé tí àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà fi ń dá àìsàn mọ̀ ti ka èyí mọ́ ara àìsàn tó ń mú kí ènìyàn máa rí àbùkù tí kò sí lára rẹ̀. Mi ò lè sọ láti inú lẹ́tà kan pé ohun tó ń ṣe ọ́ nìyí. Ohun tí mo lè sọ ni pé nígbà tí èrò nípa ara bá ti ń gba wákàtí púpọ̀ lójúmọ́, tó ń báni nínú jẹ́, tó sì ti ń dí ènìyàn lọ́wọ́ láti bá ẹbí rẹ̀ ṣe, ó ti kúrò ní ọ̀rọ̀ jíìmù. Irin púpọ̀ sí i kì í wò ó sàn. Ìtọ́jú wà fún un: ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ tó ń kọ́ni bí a ṣe ń yẹ èrò ara ẹni wò, tó sì ń ranni lọ́wọ́ láti jáwọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú wíwo dígí àti ìfarapamọ́, àwọn oògùn kan sì wà tí dókítà lè fi kún un. O kò ní láti rìn jìnnà. Lọ sí ilé ìwòsàn Bowen, tí àwọn àgbà ṣì ń pè ní ti Onítẹ̀bọmi, tàbí ti LAUTECH, sọ fún dókítà bí o ṣe sọ fún mi gẹ́lẹ́, kí o sì bẹ̀ ẹ́ kí ó júwe rẹ fún ẹni tó mọ̀ nípa ìtọ́jú ọpọlọ. Kí o tó lọ, lọ sọ òtítọ́ ìdí tí o kò fi wá síbi ìgbéyàwó fún ẹ̀gbọ́n rẹ, nítorí ó ṣeé ṣe kí ó ti rò pé o ń bínú sí òun.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú, mo kí yín. Ìyàwó ilé ni mí, ẹni ọdún 41, mo ń ta èlùbọ́ ní ọjà Jàgùn. Dókítà ní ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ mi ti ń gòkè, ó sì ní kí n máa ṣe eré ìdárayá, ni mo bá ń lọ gbé irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àbúrò ọkọ mi obìnrin ní apá mi yóò dà bíi ti ọkùnrin. Ní jíìmù náà, àwọn ọmọ yunifásítì tó wà níbẹ̀ ń mú kí ojú ara mi tì mí. Ṣé kí n dáwọ́ dúró?

ÌDÁHÙN: Ẹ má ṣe dáwọ́ dúró, ìyá wa. Tẹsitósítẹ́rọ́ọ̀nù tó wà lára obìnrin kéré púpọ̀ sí ti ọkùnrin, nítorí náà irin lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò lè sọ apá yín di ti ọkùnrin. Ẹ sọ fún àbúrò ọkọ yín pé Àjọ Ìlera Àgbáyé fúnra rẹ̀ ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré tó ń fún iṣan lókun, ó kéré tán lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀. Iṣan tó bá ń ṣiṣẹ́ a máa fa ṣúgà kúrò nínú ẹ̀jẹ̀, ohun tí dókítà yín sì ń wá nìyẹn. Àwọn ọmọ yunifásítì náà kò bá yín díje. Ọmọ bíi ti inú yín ni wọ́n, ohun tó gbé wọn wá sì yàtọ̀ sí tiyín. Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ máa wò ni èyí tí wọ́n bá kọ sínú káàdì yín nígbà tí ẹ bá lọ yẹ ṣúgà wò. Bí ẹ bá ń lo oògùn ṣúgà, ẹ jẹ́ kí dókítà mọ̀ pé irin ni ẹ ń gbé, kí ó lè wò ó bóyá oògùn náà nílò àtúnṣe. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò pẹ̀lú kí ẹ tó fi kún ìwọ̀n irin, kí ẹ sì ní kí olùkọ́ jíìmù fi bí a ṣe ń mí nígbà tí a bá ń gbé e hàn yín, nítorí ẹni tó bá pa èémí mọ́ sínú lè mú kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ru sókè lójijì.