Èsì: Pípààrọ̀ ṣáàfù iwájú Corolla nílé

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ béèrè bóyá ẹ lè fúnra yín pààrọ̀ ṣáàfù iwájú Corolla yín (irin tó ń gbé agbára láti inú gíà lọ sí táyà) tó ń dún kà-kà-kà bí ẹ bá ń yà ní kọ́nà. Ẹ lè ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ wo rọ́bà tó bo ìdí ṣáàfù náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. Bí ó bá ti ya, tí gírísì sì ti fọ́n sí inú ríìmù, ibẹ̀ gan-an ni ariwo náà ti ń wá.

Nọ́ọ̀tì ńlá àárín táyà ló le jù. Ẹ kọ́kọ́ gbé etí rẹ̀ tí wọ́n lù wọnú ṣáàfù sókè, kí ẹ sì tú u nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀, tí ẹnìkan tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, nítorí pé bí ẹ bá ń fi agbára fà á lórí jáàkì, ọkọ̀ lè já lù yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró.

Ọ́ìlì gíà yóò dà bí ṣáàfù bá ti jáde, nítorí náà ẹ gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ síìlì ibẹ̀, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò. Ẹ to ti àtijọ́ àti tuntun síra wọn, kí ẹ wo gígùn wọn, kí ẹ sì ka eyín tó wà ní orí wọn kí ẹ tó ti tuntun náà bọ ibẹ̀. Nọ́ọ̀tì tuntun ni kí ẹ fi dè é, kí ẹ sì dá iye ọ́ìlì tó dà padà kí ẹ tó wa ọkọ̀ náà.