Ṣé kí n máa gbowó lórí áàpù mi?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Sẹkitéríàtì Agodi ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìjọba. Bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé ni mo máa ń jókòó ti áàpù kan tí mo ṣe fún àwọn télọ̀, tí wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sílẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni. Wọ́n ń lò ó ní Alẹ́ṣinlọ́yẹ, wọ́n ń lò ó ní Gbági, ṣùgbọ́n èmi ni mò ń san owó sáfà, ìyẹn kọ̀ǹpútà orí íntánẹ́ẹ̀tì tí áàpù náà ń lò. Mo fẹ́ máa gba ₦1,000 lóṣù. Ọ̀rẹ́ mi ní kí n ti gbogbo rẹ̀ pa mọ́ ẹni tí ò bá sanwó. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Òṣìṣẹ́ ìjọba, Mọ́kọ́lá.

Ìdáhùn: Àbúrò mi, gbowó, ó tọ́ sí ọ. Ṣùgbọ́n má tẹ̀ lé ọ̀rẹ́ rẹ yẹn rárá. Télọ̀ kan ti kọ ìwọ̀n gbogbo ẹbí ìyàwó sínú fóònù: àyà, ìbàdí, gígùn apá. Ìgbéyàwó ku ọ̀túnla, aṣọ wà lórí tábìlì, sísọ́ọ̀sì wà lọ́wọ́, áàpù wá ní kó kọ́kọ́ sanwó. Ìwọ̀n tó fọwọ́ ara rẹ̀ wọ̀n lo tì mọ́ ọn lójú yẹn. Kò ní dárí jì ọ́, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ìlà rẹ̀ ló sì máa gbọ́.

Jẹ́ kí kíkọ ìwọ̀n àti wíwò ó wà lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun tó ń ná ọ lówó sáfà ni kó o tà: kí ìwọ̀n wà ní ìpamọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì bí fóònù bá sọnù, kí ọmọ iṣẹ́ náà sì lè ṣí i lórí fóònù tirẹ̀.

Télọ̀ kì í gbowó oṣù bíi tìrẹ. Iléyá àti Kérésì lowó ń wọlé. Tí Google bá lọ fa ₦1,000 nínú àkáǹtì rẹ̀ ní Fẹ́búárì, ó lè má bá nǹkan kan níbẹ̀. Láti 2022 ni Google Play, ọjà áàpù ti Google, ti ní ètò àsansílẹ̀: èèyàn á san ti oṣù kan tàbí mẹ́ta, tó bá tán, á tún rà, bí a ṣe ń ra dátà. Èyí ni kó o fi bẹ̀rẹ̀. Ta oṣù mẹ́ta ní ₦2,500. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa fà á fúnra rẹ̀, fún un láyè ọjọ́ mélòó kan tí báǹkì bá kọ̀ ọ́, má tì í lójú ẹsẹ̀.

Ní 2022 kan náà ni Google dín ìpín tirẹ̀ lórí owó tó ń fa ara rẹ̀ kù sí 15 nínú 100. ₦150 ti lọ nínú ₦1,000 nìyẹn. Ti iPhone, Apple ń gba $99 lọ́dún kó o tó gbé áàpù síta. Fi í sílẹ̀ ná.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù nínú kóòdù rẹ: tí èèyàn bá ti sanwó, áàpù gbọ́dọ̀ jẹ́ kí Google mọ̀ láàárín ọjọ́ 3 pé o ti rí i. Bí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, Google á dá owó padà fún un. Sáfà rẹ ni kó bi Google bóyá owó wọlé lóòótọ́, má fi sílẹ̀ fún fóònù nìkan. Fi ímeèlì ara rẹ sí orúkọ àwọn tó ń dán an wò ní Google Play, kó o lè rà á láìsan kọ́bọ̀.

Kó tó di pé o bẹ̀rẹ̀ sí í gbowó, dé Alẹ́ṣinlọ́yẹ fúnra rẹ, kó o sọ fún wọn pé ìwọ̀n tí wọ́n ti kọ síbẹ̀ kò ní di olówó láé.