Èsì: Ṣé ẹni tí kò mọ àwòrán yà lè kọ́ kọ́míìkì?

Bọ̀dá mi, ẹ bèèrè bóyá àgbà tí kò mọ àwòrán yà lè wá sí kíláàsì kọ́míìkì (ìtàn alàwòrán) ọ̀fẹ́ wa ní Lágéré, n'Ífẹ̀. Ẹ máa bọ̀, ẹ jọ̀ọ́! Pẹ́ńsù àti bébà A4 kan ti tó. Ẹ ká a sí méjì lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ tú u, ẹ fi àlùmọ́gàjí la ìlà àárín rẹ̀ láìdé etí, ẹ wá ká a pọ̀, ìwé kékeré olójú 8 dé nìyẹn. Èèyàn tí a fi ìlà lásán yà náà ń sọ ìtàn.

Nínú kọ́míìkì, inú àpótí ni a ń ya àwòrán kọ̀ọ̀kan sí; àyè funfun tó wà láàárín àpótí méjì ni mo fẹ́ràn jù. Àpótí kìíní: ìyá gbé ìkòkò rù. Èkejì: àfọ́kù nílẹ̀. Òǹkàwé fúnra rẹ̀ ló rí bó ṣe já bọ́. Fọ́tò ni ìwé ìròyìn Atọ́ka fi ń sọ irú ìtàn bẹ́ẹ̀ láyé ọjọ́un, dípò àwòrán yíyà. Bí ẹ̀dà kan bá ṣì wà nílé yín, ẹ mú un dání.