Ẹ ní kó kọ iye owó síbẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní àbúrò yín ń ṣe lébìrà níbi tí wọ́n ti ń ṣe gọ́tà ìjọba ní Ìkòròdú, pé gbogbo Sátidé ni wọ́n ń ní kó fọwọ́ síwèé tí wọn ò kọ iye owó sí, pé ṣé kó sọ̀rọ̀ ni àbí kó panu mọ́ kí iṣẹ́ má baà bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀: ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi náà rí. Bíríkìlà ni mí.

Lọ́dún 2019, iṣẹ́ gọ́tà kan gbé wa dé ẹ̀yìn Ìta Ẹlẹ́wà. Agbaṣẹ́ṣe gbàṣẹ́ lọ́wọ́ ìjọba, ó gbé e fún ẹlòmíì, ìyẹn ló wá kó wa ní Sábó láàárọ̀. Ẹnu lásán la fi dúnàá dúrà owó ojúmọ́. Fóòmàǹ wá pe kálukú sí kọ̀rọ̀, ó ní, "Tìẹ yàtọ̀ o, má sọ fún wọn." Inú mi dùn, mo rò pé ó mọyì iṣẹ́ ọwọ́ mi ni.

Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, a jókòó lọ́sàn-án lọ́dọ̀ ìyá olóúnjẹ. Lébìrà méjì tí wọ́n ti jọ ń ru kọnkéré látàárọ̀ ń ṣírò iye tí wọ́n máa fi ránṣẹ́ sílé. Ọ̀kan ní ₦3,000 ni tòun lójúmọ́. Ìkejì gbé ṣíbí sílẹ̀. ₦2,500 ni tiẹ̀. Páànù kan náà ni wọ́n ń rù, inú oòrùn kan náà. Bí kálukú ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tú tiẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn, mo sì rí i pé gbogbo bíríkìlà ni fóòmàǹ ti sọ fún pé tiwọn yàtọ̀. Àwa la ń bá a pa àṣírí tó fi ń rẹ́ wa jẹ mọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, a ò rówó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Wọ́n ṣáà ń ní ká fọwọ́ síwèé kí owó lè tètè jáde. Nígbà tá a lọ bá ọ̀gá, ó ní òun ti san, ó sì gbé ìwé síta. Ìbuwọ́lù wa rèé, àmọ́ àyè tó ṣófo ti kún. ₦6,000 ló wà níwájú orúkọ mi, ₦4,500 sì la jọ sọ. Àwa 19 la wà ní sáìtì, orúkọ 27 ló wà nínú ìwé. Àwọn mẹ́jọ yẹn, a ò rí wọn rí. Owó ìlú mà ni o! Inú ṣì ń bí mi bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Bàbá kan tó ń tẹ irin níbẹ̀ ló gbà wá. Bàbá yìí ní ìwé tí àwọn ọmọ iléèwé ń lò, ó máa ń fi ọ̀rá wé e kí omi sìmẹ́ńtì má baà kàn án. Nírọ̀lẹ́, kó tó fọ ẹsẹ̀, á kọ ọjọ́, ìgbà tó dé, ìgbà tó ṣíwọ́, ibi tá a ṣe ("láti iwájú ṣọ́ọ̀ṣì dé ilé alágbàfọ̀"), iye tí wọ́n fún un àti ẹni tó fún un. Kì í ju ìlà mẹ́rin lọ. Nígbà tá a gbé ọ̀rọ̀ náà dé Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó, níbi tí wọ́n ti ń bá èèyàn parí aáwọ̀ láìgbowó, wọ́n gbé ìwé ọ̀gá àti ti bàbá síra. Ọ̀gá kọ ọ́ pé gbogbo wa ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan. Ìwé bàbá kà báyìí: "Òjò. A ò ṣiṣẹ́." Láti ìgbà yẹn, ohùn ọ̀gá rọlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ló fi san owó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta náà. Ọmọkùnrin tó ń gba ₦2,500 yẹn ti lọ kí owó tó dé, a ò sì mọ ibi tá a ti lè wá a.

Òfin wà o. Labour Act, ìyẹn òfin iṣẹ́ Nàìjíríà, ní kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé àdéhùn láàárín oṣù mẹ́ta, kó sì tọ́jú àkọsílẹ̀ owó iṣẹ́ fún ọdún mẹ́ta. Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ ìjọba, òfin Freedom of Information ti ọdún 2011 gbà yín láyè láti kọ̀wé béèrè ẹni tó gbàṣẹ́ àti iye tó gbà á, ẹ ò ní láti sọ ìdí, ọjọ́ méje ni wọ́n sì ní láti fi dá yín lóhùn. Àna mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ilé kíkọ́ ní Amẹ́ríkà sọ fún mi pé lọ́hùn-ún, tó bá jẹ́ iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, lábẹ́ òfin Davis-Bacon ti ọdún 1931, wọ́n gbọ́dọ̀ lẹ iye owó iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan síbi tí gbogbo òṣìṣẹ́ ti máa rí i, ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ sì ni agbaṣẹ́ṣe ń fi orúkọ, wákàtí àti owó ẹnì kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ síjọba. Ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n ṣe ní Ìkòròdú gan-an nìyẹn.

Ní ti àbúrò yín, mi ò ní parọ́ fún yín, wọ́n lè lé e tó bá dá sọ̀rọ̀. Kó kọ́kọ́ bá àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ sọ ọ́, kí kálukú mọ iye tí ẹnì kejì ń gbà. Kó ra ìwé tiẹ̀ lónìí. Tí wọ́n bá gbé ìwé ìbuwọ́lù dé ní Sátidé, kó fi bírò tiẹ̀ kọ iye tó gbà sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀ kó tó fọwọ́ sí i, kó sì fi fóònù yà á. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ ní sáìtì tó tẹ̀ lé ìyẹn. Fóòmàǹ wò mí títí, ó ní ṣé ọlọ́pàá ni mí ni. Mo ní rárá o, ọ̀gá, ₦5,000 lẹ fún mi, òun náà ni mo kọ.