Owó ti wà nílẹ̀: ṣé ilé ìwòsàn tuntun ni ká kọ́?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa. Abúlé àgbẹ̀ ni wá, l'Ìbàràpá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Àwọn ọmọ wa tó wà l'Èkó àtàwọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù dá owó jọ nítorí ọ̀rọ̀ ìlera. Ilé ìwòsàn alábọ́dé kan wà ní wọ́ọ̀dù wa, ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń tì í, àwọn aboyún wa kì í sì lọ síbẹ̀ bí wọ́n bá ń rọbí lóru. Àwọn kan ní ká kọ́ ilé ìwòsàn tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààfin, àwọn kan ní ká ra ọkọ̀ agbáláìsàn. Kí lẹ rí sí i?

ÌDÁHÙN: Akọ̀wé, ẹ kú àníyàn ìlú. Ẹ má kọ́ ilé ìwòsàn tuntun. Ọkọ̀ náà, ẹ jẹ́ kó ṣì dúró ná. Ilé tí nọ́ọ̀sì yóò máa sùn ni kí ẹ kọ́kọ́ fi owó yẹn tún ṣe.

Ọdún 29 ni mo fi ṣe agbẹ̀bí, ìgbèríko sì ni mo ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, mo mọ ohun tó ń ti ilẹ̀kùn yẹn ní aago mẹ́rin. Níbì kan tí mo ti ṣiṣẹ́, yàrá méjì wà lẹ́yìn ilé ìwòsàn tí wọ́n kọ́ fún òṣìṣẹ́. Atẹ́gùn ti ká páànù orí ọ̀kan lọ, àdán ló ń gbé inú èkejì. Mo ń sùn nígboro, ọ̀kadà ló ń gbé mi wá láàárọ̀. Lọ́jọ́ kan, bí mo ṣe sọ̀kalẹ̀, mo bá obìnrin kan lórí bẹ́ǹṣì ìta, ẹ̀jẹ̀ ti rin ìró ìdí rẹ̀ gbindin, ìyá ọkọ rẹ̀ gbé ọmọ tuntun mọ́ra. Wọ́n ní àwọn ti dé láti òru, àwọn kan ilẹ̀kùn títí, àwọn kò rẹ́ni dá àwọn lóhùn. Inú báàgì mi ni kọ́kọ́rọ́ wà. Obìnrin náà yè, àánú Ọlọ́run ni. Ṣùgbọ́n n kò gbàgbé bẹ́ǹṣì yẹn.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń ya lẹ́yìn ìbímọ lè pa ìyá láàárín wákàtí méjì péré. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ọkọ̀ dúró ná. Bí kò bá sí ẹni tí yóò gún aláìsàn lábẹ́rẹ́, tí yóò fà á lómi sára, kí ọkọ̀ tó gbéra, ó lè má dé ọ̀nà kí ẹ̀jẹ̀ tó tán lára rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí à ń lò ni oxytocin, inú fíríìjì ló sì ń gbé, láàárín ìwọ̀n 2 sí 8 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí ooru bá ti bà á jẹ́, ẹ kò ní fojú mọ̀, nítorí bó ṣe rí nínú ìgò náà ló ṣì máa rí. A óò gún un, ẹ̀jẹ̀ kò sì ní dá. Nítorí náà, bí ẹ bá débẹ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n ń kó o sí hàn yín. Bó bá jẹ́ orí tábìlì tàbí inú àpótí ni, fíríìjì tó ń lo sólà ni kí ẹ kọ sílẹ̀ tẹ̀lé ilé nọ́ọ̀sì. Kí nọ́ọ̀sì ní oògùn oníhóró misoprostol lọ́wọ́ pẹ̀lú, èyí kò nílò fíríìjì.

Ní ti ilé náà, yàrá méjì ni kó jẹ́, fún ènìyàn méjì. Ẹnì kan ṣoṣo kò lè ṣiṣẹ́ ọ̀sán kó tún ṣe ti òru, láìpẹ́ yóò sá lọ. Kí ẹ tó kan páànù, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀ pé àwọn yóò fi agbẹ̀bí kejì ránṣẹ́. Kí omi wà, kí iná sólà wà, kí nẹ́ẹ̀tì wà lójú fèrèsé, kí ilẹ̀kùn ṣeé tì láti inú, kí ọdẹ kan sì máa ṣọ́ ibẹ̀. Ẹ rántí pé ọmọ ọlọ́mọ ni wọ́n ń gbé wá síbi tí kò mọ ẹnikẹ́ni. Ìyálọ́jà tó bá ń yà kí i lálaalẹ́ lè dá a dúró ju owó oṣù lọ.

Ẹ tún gbọ́ ìdí mìíràn tí ẹ kò fi gbọ́dọ̀ kọ́ tuntun. Òfin ìlera ọdún 2014 ya ó kéré tán ìdá 1 nínú 100 owó àpò ìjọba àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún irú àwọn ilé ìwòsàn báyìí. Ìlànà tí wọ́n ń tẹ̀lé ni ilé ìwòsàn kan sí wọ́ọ̀dù kan, inú àpò ìfowópamọ́ rẹ̀ ní báǹkì ni wọ́n sì ń san owó náà sí. Bí ẹ bá kọ́ èkejì, ẹ̀yin nìkan ni yóò máa bọ́ ọ. Ẹ lọ bá alága ìgbìmọ̀ ìdàgbàsókè wọ́ọ̀dù yín, òun àti olórí ilé ìwòsàn ló yẹ kó jọ máa fọwọ́ sí ìwé owó náà. Ẹ bi í léèrè èló ló wọlé, kí ni wọ́n fi rà. Kí ó kà á sétí ìlú ní ìpàdé. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó jẹ́ alága, ibẹ̀ ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọn ọmọ yín ní Lọ́ńdọ̀nù lè máa wò ó pé ilé nọ́ọ̀sì kéré jù fún orúkọ wọn. Ẹ sọ fún wọn pé ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ní nǹkan bí ọdún 1957, dókítà ará Gẹ̀ẹ́sì kan, David Morley, dá ilé ìtọ́jú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún sílẹ̀. Àwọn nọ́ọ̀sì ló ń ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ ibẹ̀. Káàdì ìwọ̀n ọmọ tí àwọn ìyá ń gbé lọ sílé láti ibẹ̀ ti dé orílẹ̀-èdè káàkiri ayé.

Ó ku ọ̀rọ̀ ọkọ̀. Ní Ìfẹ́dọ̀rẹ́, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ètò Abíyè bẹ̀rẹ̀ ní 2009 pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ orí alùpùpù tó ń lọ bá aboyún nílé, fóònù sì wà lọ́wọ́ àwọn aboyún láti pè wọ́n. Ẹ̀yin náà lè fi díẹ̀ bẹ̀rẹ̀: awakọ̀ mẹ́ta tó ń sùn nílùú, nọ́ńbà wọn lára ògiri ilé ìwòsàn, kí ẹgbẹ́ sì san owó epo wọn láàárọ̀ ọjọ́ kejì gan-an, kò gbọ́dọ̀ di gbèsè. Ẹ pe àwọn ìyá agbẹ̀bí ìbílẹ̀ mọ́ra pẹ̀lú. Oǹdó fún àwọn tó ń mú aboyún wá sílé ìwòsàn ní ẹ̀bùn, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí bí aboyún bá ti gba ilé ìwòsàn lọ, oúnjẹ ti kúrò lẹ́nu àwọn agbẹ̀bí ìbílẹ̀ nìyẹn.

Kí ìpàdé yín tó wáyé, ẹ lọ kan ilẹ̀kùn ilé ìwòsàn náà ní aago mẹ́sàn-án alẹ́. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì wo yàrá ẹ̀yìn, kí ẹ ka páànù tó ti ṣí àti fèrèsé tó ti fọ́, kí ẹ fi iye wọn ránṣẹ́ sí mi. Màá bá yín ṣírò ohun tó máa gbà.