Kí ẹ tó ra orí tánkì DEF tuntun

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì sanwó fún wọn. Ẹ ní kóòdù àṣìṣe SPN 3031 FMI 3 ni ọkọ̀ dísù yín ń gbé jáde, pé mẹkáníìkì ní sẹ́ńsọ̀ tó ń wo bí DEF (omi tí ọkọ̀ dísù fi ń fọ èéfín rẹ̀) ṣe tutù sí ti kú, kí ẹ ra odidi orí tánkì tí sẹ́ńsọ̀ náà wà lára rẹ̀. Ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn ní Indiana, nínú oṣù January. Mo rà á. Ní ọjọ́ kejì, iná ìkìlọ̀ inú ọkọ̀ tún tàn. Ẹ sì mọ̀ pé tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ bá fi lè dè yín mọ́ eré máìlì 5 ní wákàtí kan, ẹni tó ń sáré lẹ́sẹ̀ á kọjá yín.

Skánà, ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń rí, tí mo yá lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi ló là mí lójú. Ó ní DEF mi wà ní -40 (Fahrenheit ni o, Celsius ni o, ọ̀kan náà ni wọ́n níbẹ̀). Irọ́ ni! DEF a máa dì ní nǹkan bíi -11 Celsius, tèmi sì ń mì bọ̀ǹgbọ̀n nínú tánkì. Irú sẹ́ńsọ̀ yìí, bó bá ṣe ń tutù ni ó ń ṣòro fún iná mànàmáná láti gba inú rẹ̀ kọjá. Wáyà tó bá já, òtútù ńlá ni kọ̀ǹpútà máa pè é. FMI 3 tiyín, fóltéèjì tó ga jù ló túmọ̀ sí, ó sì bá wáyà jíjá mu dáadáa.

Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì sẹ́ńsọ̀, ẹ fi wáyà kékeré so ojú méjèèjì tó wà lápá ọkọ̀ pọ̀, kí ẹ wo skánà. Bí nọ́ńbà bá fò sókè fíofío, wáyà yín pé, sẹ́ńsọ̀ ló kú. Bó bá dúró sí -40, ẹ wá ibi tí wáyà ti já. Tèmi ò mira. Àmọ́ ẹ ka wáyà ná o! Olówáyà méjì nìkan ni mò ń sọ. Àwọn olówáyà mẹ́rin tó ń bá kọ̀ǹpútà sọ̀rọ̀ lórí CAN (wáyà tí àwọn kọ̀ǹpútà inú ọkọ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀), ẹ má dán an wò.

Mo wọ abẹ́ ọkọ̀ nínú yìnyín, mò ń fọwọ́ tọ wáyà lọ. Ibi tó ti ń ha irin férémù ló ti bó, bàbà inú rẹ̀ ti dípẹtà, ó sì já nígbà tí mo fà á. Ẹ wo inú púlọ́ọ̀gì náà: DEF tó bá jò síbẹ̀ á gbẹ, á funfun bí iyọ̀.

Wáyà tí kò gùn ju apá mi lọ ni mo fi tún un ṣe. Orí tánkì àtijọ́ ṣì wà ní gáréèjì mi, kò sí nǹkan kan tó ṣe é.