Èsì: Ẹgbẹ́ pọ́ńkì tí akọrin rẹ̀ ti kú

Ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ béèrè bóyá kí ẹgbẹ́ pọ́ńkì yín (orin gìtá tó yára, tó sì le) ní Kúbwà tún padà sórí ìtàgé láìsí olóògbé akọrin yín. Ẹ lè padà, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ lọ bá ẹbí rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ló kọ àwọn orin yẹn, ẹ̀tọ́ orí wọn wà lọ́wọ́ àwọn àjogún rẹ̀ fún 70 ọdún lẹ́yìn ikú rẹ̀, bí òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà Nàìjíríà ti 2022 ṣe wí. Ẹ wo ẹni tó forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú. Ohun tó dí Sublime, ẹgbẹ́ olórin kan ní Amẹ́ríkà, lọ́wọ́ nìyẹn ní 2009: Bradley Nowell, akọrin wọn tó kú ní 1996, ló forúkọ náà sílẹ̀, ni ilé ẹjọ́ bá ní àwọn tó ṣẹ́kù ò gbọdọ̀ lò ó láìgbàṣẹ lọ́wọ́ ẹbí rẹ̀. Wọ́n di Sublime with Rome. Ní 2024, Jakob ọmọ Bradley ló kọrin fún Sublime ní Coachella, ayẹyẹ orin ńlá kan ní Amẹ́ríkà.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wá ẹni tó máa sín ohùn olóògbé jẹ. Bí orin bá ga ju ọ̀fun ẹni tuntun lọ, ẹ dẹ okùn gìtá àti béèsì (gìtá olóhùn ìsàlẹ̀) bákan náà. Bí ẹ bá dẹ ọ̀kan ṣoṣo, ohùn wọn ò ní bára mu.

Tó bá jẹ́ orin tuntun lẹ fẹ́ kọ, ẹ yí orúkọ padà, bí ẹgbẹ́ Joy Division ní England ṣe di New Order lẹ́yìn ikú akọrin wọn, Ian Curtis, ní 1980. Ìyẹn ló wù mí jù fún yín.